Ẹni gíga tó ń kọ́ alùpùpù: èwo ni kí ó rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ga tó sẹ̀ǹtímítà 193, ìwọ̀n mi jẹ́ kílò 95, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù ni. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa kéré sí mi. Bí mo bá fẹ́ yí po, orúnkún mi ni hándù máa ń lọ kọlù, kí ìdajì wákàtí tó pé, ìbàdí á ti máa dùn mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bí mo ṣe ga yìí, ẹ́ńjìnnì ńlá ló yẹ mí, kí n má wulẹ̀ fi owó ṣòfò sórí kékeré. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n máa wò tí mo bá débi tí wọ́n ti ń tà á?

Ìdáhùn: Ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu kò kan ẹ́ńjìnnì rárá, àyè ẹsẹ̀ ni. Ẹ wo méjì yìí. Honda Rebel 500 ní ẹ́ńjìnnì 471cc, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ kò ga ju mìlímítà 690 lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bí 190 kílò. Ẹ́ńjìnnì Suzuki DR-Z400S jẹ́ 398cc, ìjókòó rẹ̀ ga tó mìlímítà 935, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 145 kílò lọ. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré ló ga, òun náà ló fúyẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò èyí tó fúyẹ́, torí ó ṣòro kí èèyàn kọ́ alùpùpù láìjẹ́ pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdúró lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí 200 kílò bá ti dẹ̀gbẹ́ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dúró, gíga ẹni tó ń gùn ún kò ní kó má wó.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bóyá alùpùpù á gba èèyàn: ìjókòó, ìtẹsẹ̀ àti hándù. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni kí ẹ wọ̀n. Gíga ìjókòó láti ilẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀, wúlò fún ẹni kúkúrú ju ẹni gíga lọ, torí ohun tó ń sọ ni bóyá ẹsẹ̀ á kanlẹ̀. Tiyín á kanlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ohun tó ń fa ìrora ìbàdí ni bí ìjókòó ṣe jìnnà sí ìtẹsẹ̀ tó. Bí àlàfo yẹn bá kúrú, orúnkún á ká jọ, itan á gbéra kúrò lórí ìjókòó, ìdí nìkan ni gbogbo ìwọ̀n ara á sì máa tẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú tépù dání. Ẹ fi orí rẹ̀ sí ibi tó jìn jù nínú ìjókòó, níbi tí ìdí máa ń bọ́ sí, kí ẹ fà á tààrà dé orí ìtẹsẹ̀. Fún ẹni tó ga bíi tiyín, èyí tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 50, n kò ní fọwọ́ sí i àfi tí a bá máa gbé ìjókòó rẹ̀ ga. Kí ẹnì kan tún ya fọ́tò yín láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹsẹ̀. Ẹ wo igun tí itan àti ojúgun ṣe ní orúnkún. Bó bá kéré ju dìgíríì 90 lọ, ìrora tí ẹ ń sọ yìí á tún padà wá.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ ara yín náà. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé líle kan sáàárín itan kí ẹ fà á sókè títí kò fi ní lè gòkè mọ́, kí ẹ sì sàmì sí ògiri ní orí ìwé náà. Láti ilẹ̀ dé ibi àmì yẹn ni gígùn ẹsẹ̀ yín. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, ìjókòó tó ga tó mìlímítà 830 sí 890 ni kí ẹ máa wá. Ó lè dà bíi pé 890 ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ 900, àmọ́ bí ẹ bá jókòó, ṣọ́ọ̀kì á rì, bàtà á sì fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta kún ẹsẹ̀. Ohun tó lè da ìṣirò yìí rú ni fífẹ̀ ìjókòó: èyí tó bá fẹ̀ máa ń ya itan sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní dé ilẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ ni hándù, torí ibẹ̀ ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ gíga ṣubú. Ẹ wọ bàtà àti akoto tí ẹ máa fi gùn ún. Kí ẹnì kan di alùpùpù náà mú ṣinṣin, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìtẹsẹ̀, kí ẹ yí hándù sọ́tùn-ún títí kò fi ní lè yí mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yín á ti padà wá sápá ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wo àárín ìkúùkù yín àti orúnkún. Bí ìka méjì kò bá lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ fi alùpùpù náà sílẹ̀. Ìdí ni pé nígbà tí ẹ bá ń yí po lórí eré tí kò ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, yíyí tí ẹ bá yí hándù sí i ló ń gbé alùpùpù tó dẹ̀gbẹ́ dìde. Bí orúnkún bá ti dá hándù dúró, kò sí ohun tó máa gbé e dìde mọ́. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó fa bíréèkì iwájú, á sì wó lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, orúnkún á ti ọwọ́ tó wà lórí iná (ibi tí wọ́n ń yí lára hándù ọ̀tún láti fi eré kún un), ẹ́ńjìnnì á kàn ṣàdéédé fò síwájú. Ẹ ṣe bákan náà sósì, kí ẹ rí i dájú pé ẹ ṣì lè fa kílọ́ọ̀ṣì dé òpin.

Ẹ ti orí bàtà bọ abẹ́ lífà jíà. Bí bàtà yín bá jẹ́ 46 tàbí 47, ó ṣeé ṣe kó há, ẹ ó sì máa gbé jíà tí kò ní wọlé. Ìyẹn kò tó ohun tí ẹ máa tìtorí rẹ̀ kọ alùpùpù. Ẹ tú bóòtù tó di lífà náà mú (sípánà 10 ló sábà máa ń tú u), ẹ fà á yọ, ẹ gbé e sókè ní eyín kan, kí ẹ dè é padà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan bíréèkì ẹsẹ̀ náà, ẹ wo iná ẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó sì kú nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Nínú oríṣi tó wà, àwọn tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọ̀dà àti ọ̀nà erùpẹ̀ pọ̀ ló máa ń gba ẹni gíga jù. Ìjókòó wọn ga, ìtẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, hándù fẹ̀, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín itan. Ìjókòó Honda CRF300L ga tó mìlímítà 880, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 142 kílò. Kawasaki KLX300 fi díẹ̀ ga jù ú lọ, ó tún fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni mo máa kọ́kọ́ ní kí ẹ gun wò. Bó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn lẹ fẹ́ máa rìn, BMW G 310 GS (ìjókòó mìlímítà 835, kílò 175) dára. Honda CB500X tù yín lára lójú ọ̀nà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kílò, kí ẹ jẹ́ kí ó di ìkejì tí ẹ máa rà. Royal Enfield Himalayan 411 náà wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìjókòó rẹ̀ kò sì ju 800 lọ. Àwọn tí ìtẹsẹ̀ wọn wà níwájú bíi ti aga ìgbafẹ́ máa ń na ẹsẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń wọ inú eegun ẹ̀yìn, èèyàn kò sì lè fẹsẹ̀ gbé ara sókè. Àwọn tó jọ ti eré ìje, bíi Ninja 400, gbé ìtẹsẹ̀ sókè sẹ́yìn. Orúnkún yín kò ní gbà á.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé ìwakọ̀ yín gbà. Ní Yúróòpù, ìwé A2 (ìpele àárín nínú ìwé ìwakọ̀ alùpùpù) kò gba agbára tó ju 35 kW lọ. Ní Ọsirélíà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gun èyí tó ju 660cc lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 150 kW lọ fún tọ́ọ̀nù kan. Gbogbo èyí tí mo dárúkọ lókè wà lábẹ́ ìwọ̀n yìí.

Ọ̀rọ̀ kílò 95 yẹn náà ṣe pàtàkì. Sípíríǹgì ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré rọ̀, ti CRF300L sì rọ̀ gan-an. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí táyà má kanlẹ̀, ẹ wọn láti àárín nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn dé ibi kan tí ẹ sàmì sí lókè rẹ̀ gan-an. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìgùn, ẹsẹ̀ lórí ìtẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ àárín ìwọ̀n méjèèjì ni ibi tó rì dé, kò sì yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àyè tí táyà lè fi gòkè sọ̀kalẹ̀ lọ. Àyè ti CRF300L jẹ́ mìlímítà 260, nítorí náà kó má ju nǹkan bí 87 lọ. Fún ti ojú ọ̀dà tó jẹ́ 120, kó má ju 40 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn á wálẹ̀, iwájú á fúyẹ́, hándù á lọ́ra láti yí, iná iwájú á sì máa tàn sójú ọ̀run. Ẹ kọ́kọ́ fún òrùka tó ń tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ le. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ ra sípíríǹgì tó le jù ú lọ.

Tí ẹ bá rí èyí tó kù díẹ̀ kó gbà yín, ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Fóòmù tí wọ́n fi mìlímítà 30 kún máa ń ṣí orúnkún láìfọwọ́ kan nǹkan míì. Gbígbé hándù ga ní 20 sí 30 ló tẹ̀lé e, ó sì máa ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́ bí ẹ bá dìde dúró. Bí wọ́n bá ti dè é tán, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí hándù lọ dé òpin lápá méjèèjì láìfọwọ́ kan iná eré. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, wáyà tó ń fa iná eré yẹn ti kúrú jù, ẹ má gbé e jáde. Ẹ wo páìpù bíréèkì náà bóyá ó ń fà. Mímú ìtẹsẹ̀ wálẹ̀ ní 25 ni kó gbẹ̀yìn, torí ó máa tètè ha ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, gbogbo lífà ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tún tò.

Gíláàsì iwájú tó ga díẹ̀ lè da afẹ́fẹ́ lu akoto yín gan-an, tí orí á máa mì. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ gun ún wò kí ẹ tó ra èyí tó tún ga sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ tààrà sábà máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ ju èyí tí gíláàsì dà rú lọ.

Bó bá jẹ́ tokunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ tún tépù yọ. Àwọn alùpùpù gíga yìí ni àwọn ẹni kúkúrú sábà máa ń dín kù: wọ́n á gé fóòmù, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ irin tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ wọn gíga ìjókòó nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé e, kí ẹ fi wé iye tó wà nínú ìwé rẹ̀. Bó bá fi ju mìlímítà 20 lọ dín, ẹ béèrè irin àti ìjókòó tó bá a wá, kí ẹ gbà wọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo sítáǹdì rẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti gé e, alùpùpù á fẹ̀gbẹ́ jù nígbà tí ẹ bá dá a padà sí gíga tirẹ̀, ẹ ó ní láti ra sítáǹdì mìíràn.