Ẹ má kàn sáré gun òkè Adó kẹ́ ẹ tún sọ̀ kalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó ń bèèrè bóyá èèyàn lè ti Ọ̀yọ́ kó màmá àtàwọn ọmọ lọ wo òkè Adó-Àwáyè, tí adágún omi wà lórí ẹ̀, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe o, mo máa ń mú àlejò lọ síbẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ti dáa látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, tẹ́ ẹ bá dé Ìsẹ́yìn ẹ wọ mọ́tò Adó, ó parí.

Òkè yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 300, àwọn ọmọ á sáré gùn ún, ṣùgbọ́n màmá tórúnkún ń dùn, ẹ má tan ara yín jẹ. Ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà nísàlẹ̀, ní tèmi o, ìtàn tí wọ́n máa gbọ́ níbẹ̀ ju fọ́tò tẹ́yin máa yà lọ.

Torí ìlú lòkè yẹn o, orí ẹ̀ làwọn baba ńlá wọn gbé láyé ogun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, títí kan ibi tí ìyá aláró ti ń rẹ aṣọ. Ẹ kí àwọn àgbà kẹ́ ẹ gba ọmọ ìlú kan tó máa mú yín lọ, ẹni tó bá dá lọ, òkúta àti omi lásán ló máa rí. Ẹ yanjú owó nísàlẹ̀ pátápátá o! Àwọn kan gba tiwa tán, la bá débì kan lókè, lòmíì bá yọ sí wa pé tòun ńkọ́.

Ẹ wo òkúta Ìṣàgẹ̀ dáadáa, ó dá dúró gàgàrà, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n ní tójò bá kọ̀ tí ò rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọrọ ẹ̀. Ní ti adágún Ìyákẹ́, ẹ di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú, koríko bo etí omi débi pé ẹ ò ní mọ ibi tílẹ̀ parí sí. Ẹ máa bá àwọn aládùúrà lókè, ẹ má pariwo.

Ẹ má wọ sílípáàsì. Tójò bá ti rọ̀, àpáta yẹn ń yọ̀ bí ọṣẹ, mo ti rí ọkùnrin gìdìgbà tó ń fìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ mówó dání, màmá ò ní fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo.