Ẹ má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ màmá yín

Ẹ kú àníyàn ìyá. Ẹ ní màmá yín, ẹni ọdún 72, ń gbé Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́, dókítà ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, wọ́n sì yarí pé oko tí àwọn ti ro láti kékeré ti tó àwọn jẹun kalẹ́. Ẹ̀rín pa mí, torí díẹ̀ ni wọ́n fi jù mí lọ, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ mi ní àfi kí n sinmi. Wọ́n wá ọmọbìnrin kan tó ń gbálẹ̀, tó ń fọṣọ, tó ń lọ sọ́jà. Bí mo bá ní kí n dìde bu omi mu, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ jókòó.” Ìfẹ́ ni, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àtidìde lórí àpótí di ogun. Wọ́n mú mi lọ rí àwọn fisio, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, nílé ìwòsàn. Obìnrin tó dá mi lóhùn fi àga ti ògiri, ó ní kí n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí n dìde. Itan mi ń gbọ̀n, ìdí mi ò kúrò lójú kan. Ó ní kì í ṣe orúnkún nìkan, iṣan itan ló ti joro nítorí kò ríṣẹ́ ṣe.

Àga yẹn náà ló fi wò mí sàn. Ẹ wá àga tó le, tí kò rẹlẹ̀ jù, kí ẹ fi ti ògiri kó má baà yọ̀. Kí màmá sún wá sétí àga, kí wọ́n fa àtẹ́lẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú dáadáa kí wọ́n tó dìde. Bí wọ́n bá ṣì ń fọwọ́ ti àga, kò burú. Ìgbà tí wọ́n bá ń padà jókòó gan-an niṣẹ́ wà: kí wọ́n rọra máa sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n má jù ara wọn sílẹ̀ gbì. Èmi máa ń ṣe é bí ìpolówó bá dé lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ mi padà. Odó kékeré ni mo kọ́kọ́ gbà. Iyán ọmọ yẹn kókó ló pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ẹ jẹ́ kí màmá máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa sá aṣọ, kí wọ́n máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré. Bí wọ́n bá ń lọ Ọjà Ọba, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín dé. Àárọ̀ ló dáa, kí oòrùn tó mú. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe silípáàsì, torí àwọn gọ́tà tí kò ní ìdérí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí ẹni tó ti pé 65 sókè máa ṣe ohun tó ń mú èémí yá díẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹ má ka iye yẹn sí màmá létí, wọ́n á tún yarí. Àjọ náà ò ní kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ á pé. Bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, ìrìn náà ti tó. Àjọ náà tún fẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kí àgbà ṣubú, ó kéré tán ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀: èmi máa ń di ògiri mú, mo máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, torí òòyì. Bó bá jẹ́ ti ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń lò, kí ṣúgà oníhóró wà nínú báàgì wọn, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lẹ́nu ìrìn. Bí àyà bá ń dùn wọ́n lẹ́nu ìrìn, kí wọ́n dúró, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ ò sọ bóyá ẹsẹ̀ wọn ń wú. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wú, tó sì ń dùn wọ́n, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lónìí ná, kí ẹ tó fa àga kankan ti ògiri.