Ẹ̀kọ́ wo ló yẹ òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé búrẹ́dì kan ní Òṣogbo, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Búrẹ́dì wa kì í dọ́gba: ti àárọ̀ á dára, ti ọ̀sán á rì láàárín, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé òmíràn kéré ju òmíràn lọ. Olùkọ́ kan ní òun á fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ gbogbo wọn ní oríṣi búrẹ́dì méjìlá. Ṣé kí n sanwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san án. Búrẹ́dì kan ṣoṣo tí ẹ ń tà ló ń dà yín láàmú. Oríṣi méjìlá kò ní tún un ṣe. Ẹ ní kí olùkọ́ náà kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ yín, láti orí pípo ìyẹ̀fun títí dé orí dídì í sí ọ̀rá, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Kó mú òṣùwọ̀n àti tẹmómítà dání. Ohun tó bá rí ni kó fi ṣètò ẹ̀kọ́.

Ti ọ̀sán tó ń rì yẹn, ooru ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó yẹ kí ìyẹ̀fun tí a pò wà láàárín 26 sí 28°C bó bá ti ń jáde nínú ẹ̀rọ. Bó bá gbóná jù, ìwúkàrà á yára ṣiṣẹ́, búrẹ́dì á wú kọjá agbára rẹ̀ kó tó dénú ààrò, á sì rì. Ẹni tó ń pò ó ló nílò ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe gbogbo ilé. Kó mọ ìṣirò ooru omi: ìlọ́po mẹ́ta 27 (àárín 26 àti 28) jẹ́ 81, kó yọ ooru ìyẹ̀fun gbígbẹ, ti inú ilé, àti èyí tí ẹ̀rọ fi kún un kúrò. Bí ìyẹ̀fun bá jẹ́ 30, ilé 32, ẹ̀rọ 12, omi á jẹ́ 7°C. Ìyẹn ni pé yìnyín gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì ka yìnyín náà mọ́ ìwọ̀n omi. Ẹ má jẹ́ kó kan ìwúkàrà ní tààrà.

Ooru ẹ̀rọ yín kò ní rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ wọn ooru rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ yọ ti ìyẹ̀fun gbígbẹ, ti ilé àti ti omi kúrò. Èyí tó kù ni ti ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi gbọ́dọ̀ wáyé lórí ẹ̀rọ tiyín, pẹ̀lú ìyẹ̀fun tiyín.

Ẹni tó ń gé ìyẹ̀fun tí a pò gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n gé e, kó má fojú díwọ̀n. Nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ló ń bá ooru ààrò lọ, nítorí náà búrẹ́dì 500g ń fẹ́ nǹkan bí 560g kó tó wọ ààrò. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá fi 20g lé, tí ẹ ń ṣe 500 lójúmọ́, kílò 10 ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń dì í kò nílò ju ìlànà kan lọ: kó tutù tán pátápátá kó tó wọ ọ̀rá, torí oru tó bá há sínú ọ̀rá ló ń mú un tètè bu.

Bí òṣùwọ̀n bá ti bàjẹ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ààrò ń jó ju èkejì lọ, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí ẹ pè. Bí olùkọ́ bá sì dárúkọ potassium bromate, kẹ́míkà tí àwọn kan ń fi sínú ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. NAFDAC ti fòfin dè é.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn búrẹ́dì 20 ti àárọ̀ àti 20 ti ọ̀sán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún wọ̀n ọ́n láìsọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti san ìdajì owó nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ san ìdajì tó kù.