Ṣúgà mi jẹ́ 112, ṣé àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, ọjà ni mò ń jókòó tì látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n yẹ ṣúgà mi wò kí n tó jẹun, ó jẹ́ 112. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe àtọ̀gbẹ, ó ní prediabetes ni, pé insulin resistance ló fà á. Mi ò kì ń fi ṣúgà sí tíì rárá. Ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn wọn kílò 4.5, mi ò mọ̀ bóyá ó kàn án. Ṣé ó lè lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà mà. Ẹ má jáyà, àmọ́ ẹ má fojú kékeré wò ó o. 112 yẹn, ìwọ̀n mg/dL ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn lábù míì nínú Abuja yìí ń lo ìwọ̀n mmol/L, wọ́n á kọ ọ́ ní 6.2, nǹkan kan náà ni, torí náà tẹ́ ẹ bá rí 6.2 lọ́jọ́ míì ẹ má rò pé ó ti wálẹ̀. 100 sí 125 láìjẹun ni prediabetes, ìyẹn ṣúgà tó ti ga ju bó ṣe yẹ àmọ́ tí ò tíì di àtọ̀gbẹ, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 110, tiyín sì ti wọ méjèèjì. Tó bá di 126 tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn.

Ẹ ò fi ṣúgà sí tíì, mo gbà, àmọ́ tuwo, masa, búrẹ́dì, ìyán, ṣúgà ni gbogbo wọn máa dà nínú ẹ̀jẹ̀. Pancreas tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ló ń ṣe insulin, insulin yìí ló ń sọ fún ẹran ara pé ó yá, gba ṣúgà yìí, tó sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé dákẹ́, má tú tìẹ síta mọ́. Tí ọ̀rá bá ti pọ̀ níkùn àti nínú ẹ̀dọ̀, téèyàn sì ń jókòó ṣáá, ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ á kọ etí ikún sí insulin, ìyẹn ni insulin resistance tí nọ́ọ̀sì sọ. Bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rọ ata ni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní rí oorun sùn, tó bá pẹ́ kò ní gbọ́ ariwo ẹ mọ́. Pancreas á wá gbé ohùn sókè, á máa da insulin síta lọ́pọ̀lọpọ̀, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí pépà lábù ṣì máa jáde dáadáa, ìgbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ la tó ń rí 112. Ẹ̀dọ̀ tí ò gbọ́ràn ló ń tú ṣúgà mọ́jú, ìyẹn ló jẹ́ kó ga láàárọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì fi nǹkan kan kanu.

Ẹ yẹ ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá yín wò. Mo ti rí àwọn ìyá tó ń fi kànìnkànìn ha ọrùn títí á fi bó, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, awọ ibẹ̀ á dúdú, á nípọn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á dà bí aṣọ àrán. Insulin tó pọ̀ jù ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Ẹ tún fi tépù wọn ikùn yín yíká, tó bá ti kọjá 80 sẹ̀ǹtímítà fún obìnrin, 94 fún ọkùnrin, ó ti ń pọ̀ jù.

Ọmọ kílò 4.5 yẹn kàn án dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà yín ti ga nínú oyún yẹn láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó lè wálẹ̀ mà. Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, ó lé ní 3,000 èèyàn tí ṣúgà wọn ń gòkè bíi tiyín, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n jo dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, kí wọ́n máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù láàárín wọn. Àwọn tó lo oògùn ṣúgà tí wọ́n ń pè ní metformin, ìdá 31 ló fi dín kù. Tẹ́ ẹ bá wọn kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ lẹ máa jo.

Àwọn èèyàn á ní kẹ́ ẹ sá fún ìyán kẹ́ ẹ máa jẹ wíìtì, ẹ̀ẹ́ wá bu òkìtì wíìtì ṣáwo, òkìtì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó mọ bí ẹ̀ṣẹ́ yín, kí ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà pọ̀ sí i. Kunu zaki àti zobo tutù tẹ́ ẹ̀ ń mu tóòrùn bá mú, ṣúgà wà nínú wọn o, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Tẹ́ ẹ bá jẹun ọ̀sán tán, ẹ ní kí ẹnì kan bá yín wo ìsọ̀, kẹ́ ẹ rìn yí ọjà ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà wọlé fúnra ẹ̀ kódà tí kò bá gbọ́ ti insulin. Lójú tèmi èyí ju gbogbo àgbo ṣúgà tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ lọ ṣe HbA1c, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, 5.7 sí 6.4 nínú 100 ni prediabetes, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ AS tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún wọn, ó lè jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn parọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tún padà lọ yẹ ti àárọ̀ wò, omi lásán nìkan ni kẹ́ ẹ mu fún wákàtí mẹ́jọ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú pépà 112 yìí dání.