Èsì: Ṣé òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ lọ́la?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ ní wọ́n fẹ́ gún ọmọ yín, ọmọ ọdún 11, nílé ìwé, ẹnì kan sì ní kò ní rí ọmọ bí tó bá dàgbà. Irọ́ gbáà ni. Australia ti ń gún un fún àwọn ọmọ wọn láti 2007. Àwọn yẹn ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí.

Kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ìbálòpọ̀ ló sì ń gbà wọlé. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14, kí kòkòrò náà tó rí ààyè. Kì í ṣe pé wọ́n ń fura sí ọmọ yín o! Ọ̀fẹ́ ni láti October 2023 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó.

Kó jẹun kó tó lọ, kó sì jókòó díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ míì. Apá lè dùn ún.

Mi ò dá WhatsApp, tí irú irọ́ yìí ń gbà tàn ká, nìkan lẹ́bi ṣá. Ẹ̀yin ilé ìwé, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí òbí láìṣàlàyé, kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe?

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìyá wa? Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Wọ́n á fi òwú tó ní omi kíkan bíi fínígà kan ẹnu ilé-ọmọ, wọ́n á wò ó bóyá ibì kan máa funfun. Kì í pẹ́ rárá.