Èsì: Àyà tó ń lù kìkì nínú ọkọ̀ ojú omi

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bí ọkọ̀ ojú omi bá ti kúrò ní Ìpakodò báyìí, àyà yín á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á tutù, òógùn á bò ó, ṣé tẹ́ ẹ bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ serotonin inú ẹ̀, ìyẹn kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ò ní dá a dúró. Rárá o! Serotonin inú oúnjẹ kì í ráyè wọ ọpọlọ, kódà èyí tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, bíi 90% ẹ̀ inú ìfun ló wà. Ti ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní raphe, nísàlẹ̀ ọpọlọ lápá ọrùn níbẹ̀, àwọn ló ń ṣe é, tí wọ́n á wá máa fi í ránṣẹ́ síbi tó ń darí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti òógùn láì bi yín léèrè. Kì í wá ṣe pé tó bá ti pọ̀ ara á balẹ̀ o, ó dọwọ́ irú rìsẹ́pítọ̀ (ojú ibi tó ń lẹ̀ mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì) tó bà lé, òmíràn ń fọkàn balẹ̀, òmíràn ń ta á jí. Oògùn SSRI gan-an, àwọn tó ń jẹ́ kí serotonin pọ̀ sí i láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, lè kọ́kọ́ dá kún jìnnìjìnnì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́mísì jàre, ẹ rí dókítà. Nínú ọkọ̀, ẹ máa mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó gùn ju mímí sínú lọ, ìyẹn máa ń dẹ ìlùkìkì ọkàn yẹn.