Kutki fún ìyá: ṣíbí wo lẹ fi wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Íńdíà dé kó ìyẹ̀fun egbò kan tí wọ́n ń pè ní kutki wá fún ìyá wa, pé ó dára fún ẹ̀dọ̀. Ìyá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún dẹ́nu ni wọ́n pò mómi láàárọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ní ó ń fọ inú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — *Òǹkàwé kan, Ọ̀fà*

Èsì: Ó fọ inú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lẹ̀ ń wá. Lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, kutki díẹ̀ wà fún ẹ̀dọ̀ àti oúnjẹ tí kò dà. Bí ó bá pọ̀, ó di oògùn ìyàgbẹ́. Gíráàmù 1 sí 3 lóòjọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Ṣíbí tíì pẹrẹsẹ kan á tó gíráàmù 2 tàbí 3. Ẹ wá fojú wo ṣíbí ìjẹun tó kún dẹ́nu!

Ẹ dá a dúró ná. Oògùn àtọ̀gbẹ yẹn ló ń kọ wá lóminú: omi ti lọ lára ìyá, oúnjẹ kò dúró, kutki fúnra rẹ̀ sì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dà rú, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta mómi fún wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Bí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má bu ohunkóhun sí wọn lẹ́nu.

Ìyẹ̀fun náà ńkọ́? Orí òkè Himalaya, níbi tó ga tó mítà 3,000 sí 5,000, ni kutki ti ń hù. Egbò rẹ̀ ni wọ́n ń hú, ewéko náà a sì kú. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé àdéhùn àgbáyé ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀ láti 1997. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ egbò mìíràn. Kì í ṣe ohun tí lékuléja Ọjà Ọba n'Ílọrin máa fojú dá mọ̀ fún yín, pàápàá tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́. Kíkorò kì í ṣe ẹ̀rí. Ewúro náà korò. Odindi egbò ni kí ẹ máa bèèrè: kò nípọn ju ọmọńdinrín lọ, ara rẹ̀ hunjọ, inú rẹ̀ dúdú.

Bí funfun ojú ìyá bá ti di pupa rúsúrúsú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ó lè jẹ́ kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ òkúta nínú àpò òróòro, kutki kì í sì í yọ òkúta. Aláboyún kò gbọdọ̀ mu ún rárá.

Bí dókítà bá gbà pé kí wọ́n tún un mu, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Wọ́n sábà máa ń fi oyin pa ìkorò rẹ̀. Ti ìyá kò gbọdọ̀ ní oyin.